Ohun Tí À Ń Tẹ́ Sínú Bàtà Nítorí Orúnkún Dídùn

Àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn a máa bi wá ní dispẹ́ńsárì pé: “Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n ra èyí tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà yẹn? Wọ́n ní ó ń wo orúnkún.” Owó rẹ̀ kò kéré, nítorí náà ó yẹ kí a ṣe àlàyé.

Bí ọjọ́ orí ti ń lọ, ohun rírọ̀ tó bo orí egungun nínú orúnkún a máa jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ìdí bàtà. Ẹ̀gbẹ́ inú, níbi tí orúnkún méjèèjì ti kọjú síra, ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìwúwo ara ń tẹ̀ jù bí a bá ń rìn. Àwọn tó ṣe ohun àtẹ́sínú bàtà yìí rò pé bí a bá gbé ẹ̀gbẹ́ òde àtẹ́lẹsẹ̀ sókè díẹ̀, ẹrù yóò dín kù ní inú. Ó sì dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni.

Ìrora ńkọ́? Ní Ọsirélíà, wọ́n fi 200 ènìyàn tó ti tó ẹni ọdún 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dán an wò fún odidi ọdún kan. Àwọn kan gba èyí tó ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde, àwọn yòókù gba pẹlẹbẹ lásán. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2011, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Bí ara bá tu aládùúgbò yín lẹ́yìn tó rà á, kò purọ́. Irú orúnkún bẹ́ẹ̀ a máa dunni lónìí, a sì rọlẹ̀ lọ́la.

Ẹ fi owó yín pamọ́. Ẹ jókòó lórí àga, ẹ na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ẹ ka ení dé àárùn-ún, kí ẹ tó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹran itan tó bá le ló ń gbé orúnkún ró; ẹ fún un tó oṣù méjì kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó sanra, kí ó dín òkèlè alẹ́ kù: kílò kan tó bá kúrò lára, bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí orúnkún ọ̀tún bá ń dùn, ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú ọ̀pá. Òdìkejì rẹ̀ ni mo ń rí lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ìyá, bàtà gogoro ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá wú lójijì, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, tàbí tí ẹ kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.