Kí ló dé tí kò fi yẹ kí kọ̀ntánà máa wá irinṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń jí?

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun kan já nítòsí Abidjan, ní Côte d'Ivoire. WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 wà lára wọn. Íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́hẹ ní Nàìjíríà, Ghana, Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà fún ẹni tó ń tọ́jú sáfà ilé iṣẹ́: bí ètò kọ̀ǹpútà yìí bá kú, ṣé yóò lè tún dìde?

Inú kọ̀ntánà ni ọ̀pọ̀ ètò ń gbé lóde òní, pàápàá láti ìgbà tí Docker ti jáde ní ọdún 2013. Kì í ṣe àpótí irin ti èbúté Apapa là ń sọ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti yá orúkọ náà. Ètò àti gbogbo ohun tó gbára lé ni a dì pọ̀ bí ẹrù kan, kí ó lè ṣiṣẹ́ bákan náà níbi gbogbo.

Ohun tí ètò ń gbára lé náà pọ̀. Ẹni tó ń fi Python tàbí JavaScript ṣiṣẹ́ a máa yá iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn láti ibi ìkẹ́rùsí bíi PyPI àti npm. Àwọn kan kì í kó wọn nígbà tí wọ́n ń di ẹrù. Ìgbà tí kọ̀ntánà bá ń jí ni wọ́n ń jẹ́ kó lọ wá wọn. Ó rọrùn fún ẹni tó ń dán nǹkan wò. Lójú oníbàárà, ó dà bí olóúnjẹ tó jẹ́ pé ìgbà tí èrò jókòó tán ló ń lọ ra ata lọ́jà.

Bí kọ̀ntánà mẹ́wàá bá jí, ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni a ó san owó dátà. Bí a kò bá sì kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí a fẹ́, èyí tó jí lónìí lè yàtọ̀ sí ti àná.

Ọjà náà lè má tilẹ̀ ní ata. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, ọdún 2016, ẹni tó kọ left-pad yọ ọ́ kúrò lórí npm. Ìlà 11 péré ni, síbẹ̀ àìmọye ètò káàkiri àgbáyé kò ṣeé kọ́ mọ́, títí npm fi dá a padà lẹ́yìn wákàtí bíi méjì. Ẹni tó ti di tirẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà lè máà mọ̀ rárá.

Nínú Dockerfile, abẹ́ àṣẹ RUN, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà ìdìpọ̀, ni kí "pip install" wà. CMD wà fún ìgbà jíjí. Àmọ́ bí ẹrù tí a dì bá wà ní Yúróòpù, tí sáfà tuntun ní Èkó sì gbọ́dọ̀ lọ gbé e, okùn abẹ́ òkun yẹn la ṣì gbójú lé. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí.