Ìrìn-Àjò Wa sí Erédò Súngbọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹlẹgbẹ́ wa, ní kùtùkùtù ni a gbéra ní Ìkọ̀tún, a gba Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, amọ̀nà wa sì mú wa dé Òkè-Ẹ̀rì.

Yàrà jíjìn ni Erédò, erùpẹ̀ inú rẹ̀ ni a sì fi mọ odi sí etí rẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ gbogbo rẹ̀.

Amọ̀nà wa fi ibojì Bílíkísù Súngbọ́ hàn wá. Ó ní opó ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ ni, òun ni ó sì mú kí a gbẹ́ yàrà náà, kí orúkọ rẹ̀ má bàa parun. Àwọn mìíràn ní òun gan-an ni ayaba Ṣébà. Ṣùgbọ́n ayé Sólómọ́nì ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò àwọn awalẹ̀pìtàn fi odi náà sí nǹkan bí ọdún 1400.

Kí ni àwa olùkọ́ ọ̀la yóò wá sọ fún àwọn ọmọ? Ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn àwọn àgbà gẹ́gẹ́ bí ìtàn, kí a sì sọ ẹ̀rí ilẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Erédò kò yá iyì lọ́wọ́ Ṣébà. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa tó o ní iyì.