Ṣé Aradu Nìyẹn? Ọ̀rọ̀ Lórí Kíkan Ọkọ̀ Ogun Oníke

Ìbéèrè méjì ni àwọn tó bá wọ yàrá wa máa ń bi wá nípa ọkọ̀ ogun oníke tó wà lórí tábìlì. Èkínní, ṣé ọmọdé ni wá ni? Èkejì, ṣé Aradu nìyẹn, ọkọ̀ ogun Nàìjíríà? Ti àkọ́kọ́, a kò ní dáhùn. Ti èkejì ni ó lérè, nítorí ẹni tó bá lè fi rúlà dáhùn rẹ̀ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí.

Inú páálí ni ọkọ̀ náà ti wá. Ẹ̀gbọ́n kan ló mú un ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Àwọn ẹ̀yà ike wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá ike bí èso ṣe ń so mọ́ ẹ̀ka, pẹ̀lú ìwé tó ń fi àwòrán sọ èyí tí a óò kọ́kọ́ lẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Airfix ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ọkọ̀ Golden Hind jáde ní 1952, àwọn ilé iṣẹ́ Japan sì bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ ogun oníwọ̀n 1/700 ní 1971. Bismarck ti ilẹ̀ Jámánì ni tiwa, 1/700 sì ni ìwọ̀n rẹ̀.

Kí ni 1/700? Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọkọ̀ gidi fi ìgbà 700 gùn ju èyí tó wà lórí tábìlì lọ. Mítà 251 ni Bismarck gidi. Ẹ pín in sí ọ̀nà 700, ẹ óò rí sẹ̀ǹtímítà 36. Ó dára. Aradu gùn tó mítà 126. Bí a bá kan òun ní ìwọ̀n 1/350, ẹ pín in wò: sẹ̀ǹtímítà 36 náà ni! Ẹ gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú yóò sọ pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po méjì ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ lórí omi. Ibi tí àṣírí ti tú ni ìbú. Bismarck fẹ̀ ní mítà 36, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 5.1 lórí tábìlì. Mítà 15 ni Aradu, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 4.3. Mìlímítà 8 péré ni ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n irin nínípọn tó yí Bismarck ká àti ìbọn ńláńlá 8 tó rù ló wà nínú mìlímítà 8 yẹn. Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni Aradu, ìbọn ńlá kan ló wà níwájú rẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì ló sì gbójú lé. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ kan náà, Blohm + Voss ní Hamburg, ló kan àwọn méjèèjì. Wọ́n ti Bismarck sómi ní February 1939, wọ́n sì ti Aradu sómi ní January 1980. Ọmọ bàbá kan ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbejì. Ẹni tó bá kọ F89, nọ́ńbà Aradu, sára Bismarck ti purọ́ mọ́ ọkọ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹ bá ka ìwé inú páálí, ẹ óò rò pé kò ṣeé ṣe láìsí ṣọ́ọ̀bù òyìnbó nítòsí. Irọ́ ni. Àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Bìní, tí à ń sọ Yorùbá nílé tí à ń gbọ́ Ẹdó níta, ọjà Oliha ni a gbà lọ. (Oliha yìí náà ni oyè olórí àwọn Uzama, àwọn afọbajẹ Bìní, àwọn tí ìtàn ní wọ́n ránṣẹ́ sí Ifẹ̀ kí Ọ̀rànmíyàn tó wá. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó jẹ́ àlejò pátápátá níbẹ̀.) Nail cutter ni a fi ń gé ẹ̀yà kúrò lára ọ̀pá, ẹ má fi ọwọ́ ya á o, yóò bù lára rẹ̀. Bíléèdì ni a fi ń họ ojú ibi tí a ti gé e, sáńpépà tó kúnná jù sì ni a fi ń dán an. Irin ẹlẹ́nu méjì tí àwọn obìnrin fi ń fa irun ojú tu ni a fi ń mú ìbọn kéékèèké. Kí ẹ tó lẹ ohunkóhun, ẹ fi omi ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀yà, nítorí òróró máa ń kù sára wọn láti ilé iṣẹ́, ọ̀dà kì í sì í mú ojú òróró.

Ní ti gúlúù, tínà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò máa ń yọ́ irú ike yìí. Ẹ fi ìwọ̀nba díẹ̀ kan ojú ibi tí ẹ̀yà méjì ti pàdé, wọn yóò yọ́ wọ inú ara wọn. Ẹ gé ọ̀pá ike tó ṣẹ́kù wẹ́wẹ́ sínú ìgò tínà, yóò di lẹ̀ẹ́ tí a lè fi dí ihò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí iná má sì sí nítòsí.

Okùn ara òpó ló fún wa níṣẹ́ jù. Òwú ìránṣọ lè nípọn tó ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 700, ó di sẹ̀ǹtímítà 14, ó nípọn ju apá ọkùnrin lọ! Ta ni yóò so irú okùn bẹ́ẹ̀ mọ́ òpó? Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta attachment nìyẹn, nítorí fọ́nrán irun kan kò tó ìdajì òwú. Ìyá onírun bi wá pé orí ta ni a fẹ́ dì. A ní orí òpó ọkọ̀ ni, wọ́n sì fún wa ní ìwọ̀nba lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó tún tín-ín-rín ju irun lọ wà nínú páálí fúnra rẹ̀: ẹ mú ọ̀pá ike kan sún mọ́ iná àbẹ́là títí yóò fi rọ̀, kí ẹ rọra fà á lápá méjèèjì. Yóò gùn bí okùn aláǹtakùn.

Kíkùn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí ọkọ̀ ogun kì í wọ aṣọ kan títí ayé. Ara páálí wa fi ìlà dúdú àti funfun sí ẹ̀gbẹ́ Bismarck, ó sì tún yà á níbi tó ti ń bá Hood, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni ìlà wà lára rẹ̀ nígbà tó kúrò ní òkun Baltic, ṣùgbọ́n 21 May 1941, nítòsí Bergen ní Norway, ni wọ́n kun eérú bo ìlà náà. 24 May ni ó ri Hood, ní 27 May òun náà sì rì. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́ kan, kí ẹ tó ra ọ̀dà. Àwa mú 24 May: eérú lásán, kò sí ìlà. A sì fi funfun díẹ̀ là á, torí ọkọ̀ tí a bá wò láti òkèèrè máa ń ràn ju bí ó ti rí nítòsí lọ.

Àwọn kan ní kí ló kan ọmọ Yorùbá pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlà ara ọkọ̀ òyìnbó. Ó kàn wá. Ìlú tí a wà yìí, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí Harry Rawson kó wá, tí wọ́n ti inú ọkọ̀ bíi St George àti Theseus bọ́ sílẹ̀, ni wọ́n gbà á ní 18 February 1897. Ẹni tó bá fẹ́ sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ọkọ̀ wo, ọjọ́ wo.

Aradu náà nílò irú ìtọ́jú yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi dúró ní Èkó láì lè lọ sójú òkun, ẹni tó rí i lórí ìrìn sì ń dín kù. A ti ń gé páálí fún tirẹ̀, ní ìwọ̀n 1/350. Mìlímítà kan tí a bá ṣì gé, sẹ̀ǹtímítà 35 ni lára ọkọ̀ gidi. Ọjọ́ tí a óò mú ló kù. Bí a bá mú ọjọ́ tí wọ́n tì í sómi, a kò gbọdọ̀ kọ Aradu sí ìdí rẹ̀, nítorí Republic ni wọ́n ń pè é títí di November 1980, kí wọ́n tó fún un ní orúkọ Hausa tó túmọ̀ sí àrá. (Ẹ tiẹ̀ gbọ́ bí ó ṣe jọ tiwa!) Ó ń ṣe wá bíi pé kí a mú 2005, nígbà tí ó lọ sí Portsmouth níbi àyẹ̀wò ọkọ̀ ogun gbogbo ayé fún ìrántí Trafalgar. Ṣùgbọ́n iwájú nìkan ló hàn nínú fọ́tò tó wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá ní fọ́tò ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí hẹlikọ́pítà ń bà sí, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá sí ìpàdé. A óò dá a padà.