Ẹ̀yin tó ń ra ọjà gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà wo lẹ fẹ́ fi sanwó?

Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ní wọ́n fẹ́ ta ọjà ní gbàǹjo, ojú kan náà ni olùtà, olùrà àti ọjà máa ń wà. Ẹni tó bá dá owó tó ga jù lé ọjà náà yóò ka owó rẹ̀ sílẹ̀, yóò gbé ẹrù rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà. Lónìí, oníṣòwò tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Egan, níjọba ìbílẹ̀ Alimọṣọ, lè dá owó lé fíríìjì tòkunbọ̀ tí kò fojú rí, lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Ibi tí wàhálà wà kò ju ọ̀rọ̀ owó lọ: ta ni yóò kọ́kọ́ fi tiẹ̀ sílẹ̀? Ṣé olùrà ni yóò kọ́kọ́ sanwó ni, àbí olùtà ni yóò kọ́kọ́ gbé ọjà wá?

Ìbéèrè yìí kan náà ló kó àwọn òyìnbó láyà sókè nígbà tí gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1995 ni Pierre Omidyar dá iléeṣẹ́ tó padà di eBay sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà náà, ṣé ni olùrà máa ń fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìwé ìfìwéránṣẹ́, tí olùtà yóò sì máa dúró títí yóò fi dé, kó tó fi ọjà ránṣẹ́. PayPal ló wá yanjú ẹ̀. Àwọn tó ń ná ọjà lórí eBay fẹ́ràn rẹ̀ débi pé eBay fúnra rẹ̀ fi nǹkan bíi bílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là rà á lọ́dún 2002, kí wọ́n tó tún pínyà lọ́dún 2015. Ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn gba tiẹ̀ ni pé bí ọjà kò bá dé, tàbí tí kò bá rí bí wọ́n ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀, olùrà ní 180 ọjọ́ láti fẹjọ́ sùn.

Oṣù kẹfà, ọdún 2014 ni PayPal ṣílẹ̀kùn fún Nàìjíríà, ṣùgbọ́n sísan owó nìkan ni wọ́n gbà wá láyè fún nígbà náà, wọn kò gbà wá láyè láti gba owó. Ìyẹn ni pé ó dáa fún ẹni tó fẹ́ ra ọjà lókè òkun, kò ṣe olùtà láǹfààní. Nítorí náà, ọ̀nà tiwa ni oníṣòwò kékeré gbọ́dọ̀ mọ̀ dáadáa.

Àkọ́kọ́ ni kéèyàn fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì. Òun ló yá jù, òun náà ló rọjú jù. Nínú ìlànà tí CBN gbé jáde, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìíní, ọdún 2020, náírà mẹ́wàá ni báńkì lè gbà lórí owó tí kò ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ, náírà 25 lórí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, àti náírà 50 lórí èyí tó bá kọjá ìyẹn. Olùtà ló ṣe láǹfààní jù, torí pé bí owó bá ti wọlé, kì í rọrùn láti gbà á padà. Ohun tó sì mú kó léwu fún olùrà náà nìyẹn.

Èkejì ni kí olùrà fi káàdì sanwó nípasẹ̀ àwọn iléeṣẹ́ bíi Paystack tàbí Flutterwave. Shola Akinlade àti Ezra Olubi ló dá Paystack sílẹ̀, kí Stripe ti Amẹ́ríkà tó rà á lọ́dún 2020. Owó tí Paystack kéde fún káàdì ilẹ̀ wa ni náírà kan ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún náírà lórí rẹ̀. Ọjà tí kò tó 2,500 náírà kì í san ọgọ́rùn-ún yẹn, gbogbo ẹ̀ kì í sì í ju ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ọjà náà jẹ́ 60,000 náírà. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti báńkì, náírà 50 ni. Bí wọ́n bá gba Paystack, 900 pẹ̀lú 100, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni. Lójú ẹni tí èrè rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta èrè ló lọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí olùtà kò bá gbé ọjà wá, olùrà lè sọ fún báńkì rẹ̀ pé kí wọ́n bá òun gba owó tó fi káàdì san padà. Nítorí náà, kí olùtà tó ń gba káàdì tọ́jú ẹ̀rí pé ọjà dé ọwọ́ olùrà.

Ẹ̀kẹta ni kí wọ́n pàdé, kí olùrà yẹ ọjà wò, kó tó fi POS tàbí fóònù sanwó lójú ẹsẹ̀. Fún ọjà tí olùtà rẹ̀ wà ní Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, èyí ló dáa jù fún tọ̀túntòsì. Ibi tí èrò pọ̀ sí ni kí wọ́n ti pàdé. Olùtà kò sì gbọdọ̀ tìtorí alẹ́ẹ̀tì nìkan gbé ọjà sílẹ̀, torí pé ayédèrú alẹ́ẹ̀tì pọ̀ nígboro. Kó wo inú àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀ ná.

Gbàǹjo tìjọba tún yàtọ̀. Ọdún 2017 ni iléeṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù gbé gbàǹjo tiwọn lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ kópa gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà TIN, ẹni tó bá sì borí, báńkì ni yóò gbà sanwó. Láti ọdún 2015 nìjọba àpapọ̀ ti pàṣẹ pé àpò kan ṣoṣo ni kí owó àwọn iléeṣẹ́ rẹ̀ máa wọ̀. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun jẹ́ ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù, tó wá fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì ara rẹ̀, tó ní òun ní mọ́tò gbàǹjo, oníjìbìtì ni. Ẹ má san kọ́bọ̀.

Ní kúkúrú, ọjà tó bá jìnnà, tẹ́ ò mọ olùtà rẹ̀, ẹ fi káàdì san án, owó iṣẹ́ yẹn kò tó owó òkòwò tó lè ṣègbé. Èyí tó bá wà nítòsí, ẹ lọ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó. Oníbàárà tó ti pẹ́ lọ́wọ́ yín nìkan ni kẹ́ ẹ máa fowó ránṣẹ́ sí láti báńkì kí ọjà tó dé. Bí ẹ bá sì fura pé wọ́n ti lù yín ní jìbìtì, ẹ ké sí báńkì yín lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.