Ọ̀yọ́-Ilé: Ahoro Aláàfin tí Ó Di Ibùgbé Ẹfọ̀n

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ṣùgbọ́n ilé ọba tí ó jó ní Ọ̀yọ́-Ilé kò rí ẹni tún un kọ́. Igi oṣè àti koríko gíga ni ó bo àgbàlá tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ti máa ń péjọ, ìnàkí ni ó sì ń gun àwọn òkúta ńlá tí ó yí ìlú náà ká. Láti ọdún 1991 ni Ìjọba Àpapọ̀ ti ń ṣọ́ ahoro yìí pẹ̀lú igbó tí ó yí i ká. Ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ sùn sí ní láti kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ páàkì. Ọ̀ràn yìí ń ya àwọn kan lẹ́nu, ó sì ń bí àwọn mìíràn nínú. Ó yẹ kí tọmọdé tàgbà mọ bí ó ṣe di bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Hugh Clapperton, òyìnbó ará Scotland, wọ Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, Aláàfin Májòtú ni ó wà lórí ìtẹ́. Katunga ni òyìnbó náà pe ìlú náà, nítorí pé orúkọ tí àwọn Hausa fi ń pè é ni ó gbọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi ìlú náà gùn tó nǹkan bí máìlì 15 yíká. Kò tíì pé ogún ọdún lẹ́yìn náà tí kò fi sí ẹni kankan nínú odi náà mọ́. Ogun Ìlọrin ni ó tú u ká. Aláàfin Olúewu kú sójú ogun, Àtìbà sì tẹ ìjọba tuntun dó sí Àgọ́ Ọjà, èyí tí í ṣe Ọ̀yọ́ òní. Ìdí nìyí tí ìlú kan náà fi ní orúkọ kan ní ibi méjì: ọ̀kan ni ti alààyè, èkejì ni ti àwọn tí ó ti lọ.

Nígbà tí ènìyàn kúrò, igbó padà, ẹranko sì tẹ̀ lé igbó. Ìjọba àmúnisìn rí i pé ilẹ̀ náà ṣófo, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pààlà sí i. Ní ọdún 1936 ni wọ́n ya igbó Òkè Ògùn sọ́tọ̀, ní ọdún 1941 wọ́n ya ti Ọ̀yọ́-Ilé sọ́tọ̀ pẹ̀lú. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń dáàbò bò nígbà náà. Ní ọdún 1952 ni wọ́n sọ igbó méjèèjì di ibi ìpamọ́ ẹranko. Nígbà tí ó di ọdún 1991, Ìjọba Àpapọ̀ pa méjèèjì pọ̀, ó sì gbà á sí abẹ́ ara rẹ̀. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú lóròó. Ó ju ìdajì Ìpínlẹ̀ Èkó lọ dáadáa. Páàkì ni àwọn ènìyàn ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó bá lọ wá mọ́tò wọ̀ níbẹ̀ yóò dúró pẹ́.

Òfin tí ó gbé páàkì náà ró ni òfin ọdún 1999, èyí tí ó kan gbogbo páàkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà. Àbújá ni olú-iléeṣẹ́ àjọ tí ń ṣàkóso wọn wà, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn àyíká. Ìgbìmọ̀ olùdarí ń bẹ lókè. Alábòójútó pátápátá tí Ààrẹ yàn ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Alábòójútó kan tún wà fún páàkì kọ̀ọ̀kan. Ọ́fíìsì ti Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Wọ́n pín igbó náà sí ẹkùn márùn-ún: Ọ̀yọ́-Ilé, Marguba, Tede, Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Yemoso, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì wà ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Kò gbọdọ̀ dẹ ìgbẹ́, kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọlé, kò gbọdọ̀ gé igi, dáko, da ẹran jẹko, tàbí ki iná bọ koríko. Ẹ̀ṣọ́ lágbára láti mú arúfin, kí ó sì gba ohun tí ó bá lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ka èyí yóò rò pé ìṣọ́ lásán ni iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀ràn iná nìkan yẹ̀ wò. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ náà. Bí òjò bá ti dá, koríko tí ó ga ju ènìyàn lọ yóò gbẹ, yóò sì jó dandan, ìbáà ṣe láti ọwọ́ ọdẹ, ìbáà ṣe láti ọwọ́ darandaran tàbí àgbẹ̀ tí ń sun oko rẹ̀ lẹ́bàá ààlà. Bí iná náà bá pẹ́ kí ó tó ràn, tí ó di oṣù kejì tàbí ìkẹta, yóò gbóná débi pé yóò pa ọ̀dọ́ igi, yóò sì bá ìjàpá àti ọmọ ẹran tí kò lè sáré. Nítorí náà àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń kọ́kọ́ ki iná bọ igbó, ní kété tí òjò bá dá, nígbà tí ìsàlẹ̀ koríko ṣì tutù. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í sáré, kì í sì í ga. Ó ń jẹ ibí, ó ń fi ọ̀hún sílẹ̀. Wọ́n a sì tún máa ro ààlà kí iná òde má baà rí ọ̀nà gbà wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, koríko tútù yóò yọ, ẹran yóò sì jáde wá jẹ ẹ́. Ohun tí ó dùn mọ́ni níhìn-ín ni pé àwọn ọdẹ àtijọ́ mọ èyí kí páàkì tó dé. Wọ́n mọ̀ pé ibi tí iná ti jó ni ẹran ń wá nígbà tí ewé tuntun bá yọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń lúgọ sí. Ìmọ̀ kan náà ni. Ohun tí a fi ń ṣe ni ó yàtọ̀.

Ọ̀ràn àwọn ọdẹ yìí gan-an ni ó le jù. Ní àwọn ìlú tí ó yí páàkì náà ká, láti Ṣakí títí dé Igbohò àti Kìṣí, iṣẹ́ ọdẹ kì í ṣe eré ìdárayá. Ogún ìdílé ni. Ọdẹ ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru, ọdẹ ni ó mọ ewé, ọdẹ ni ó ń sun ìjálá nígbà ọdún Ògún. Kò sì jẹ́ tuntun létí wọn pé igbó ní òfin. Bí ọdẹ bá pa àmọ̀tẹ́kùn, ọ̀dọ̀ ọba ni ó ń gbé e lọ. Ìdílé mìíràn ní ẹran tí kò gbọdọ̀ jẹ. Igbó orò wà tí ẹnikẹ́ni kì í fi àdá kàn. Nínú ojúbọ Ọya, tí í ṣe aya Ṣàngó, ìwo ẹfọ̀n ni ó wà níbẹ̀, nítorí pé ìtàn sọ pé Ọya fúnra rẹ̀ a máa gbé awọ ẹfọ̀n wọ̀, a sì di ẹfọ̀n nínú igbó. Ẹfọ̀n ṣì wà nínú páàkì Ọ̀yọ́-Ilé. Ó ṣòro láti rí ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tí ọmọ Ṣàngó ti lè bá ẹranko Ọya pàdé lórí ilẹ̀ tí Ṣàngó jọba lé.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé èèwọ̀ nìkan ìbá ti tó láti pa ẹran mọ́. Èèwọ̀ lágbára nígbà tí ìbọn ṣọ̀wọ́n, tí ẹran tí ọdẹ pa kò sì kọjá ohun tí agboolé lè jẹ. Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ dé, tí àwọn ará ìlú ńlá ń fi owó gidi ra ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì, ìtìjú kò tó láti dá ọwọ́ dúró. Kò sí kìnnìún ní Ọ̀yọ́-Ilé mọ́. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2014, Kainji àti Yankari nìkan ni àwọn olùwádìí ti rí kìnnìún ní gbogbo Nàìjíríà. Bí ọ̀ràn bá ń lọ bẹ́ẹ̀, ọmọdé yóò máa ké oríkì ẹranko nínú ìjálá bí ẹni ń ké oríkì iwin, láìmọ bí ìrísí rẹ̀ ti rí. Adébóyè Babalọlá kọ ìwé ńlá lórí ìjálá ní ọdún 1966. Púpọ̀ nínú àwọn ẹran tí àwọn ọdẹ ń kì ni ó jẹ́ pé inú irú igbó yìí nìkan ni ènìyàn ti lè retí láti rí wọn nísinsìnyí.

Ìbínú àwọn ará àdúgbò kò ṣàìní ìdí. Obìnrin tí ìyá rẹ̀ ń ṣa èso tí a fi ń ṣe òrí nínú igbó náà gbọ́ lọ́jọ́ kan pé ọ̀daràn ni òun bí òun bá ṣa á. Ọdẹ tí bàbá rẹ̀ fi ọ̀nà hàn án gbọ́ pé kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà náà mọ́. Àwọn alábòójútó mọ èyí, nítorí náà ni ètò fi wà fún àwọn abúlé tí ó wà lẹ́bàá ààlà: wọ́n ń kọ́ àwọn ènìyàn láti sin oyin àti láti sin ọ̀yà, kí wọ́n lè rí owó láìwọ igbó. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ilé oyin mélòó kan kò lè dípò igbó odidi, ẹni tí ebi ń pa kì í sì í ka òfin tán. Ibi tí a ti gba ọmọ ọdẹ síṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni nǹkan ti ń dára jù, nítorí pé ó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran, ó sì mọ ipa ẹsẹ̀ ọdẹ pẹ̀lú. Láìka tọdẹ, àwọn darandaran tí ń wá omi nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn agégẹdú àti àwọn tí ń sun èédú kò jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ìsinmi. Ẹ̀ṣọ́ tí ó bá pàdé ẹni tí ó gbé ìbọn lọ́wọ́ lóru mọ̀ pé ẹ̀mí òun wà nínú ewu.

Àǹfààní igbó náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ẹranko. Odò Ògùn gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń gba omi àwọn odò kéékèèké ibẹ̀ bí Owú àti Owé mọ́ra. Odò yìí kan náà ni ó ń ṣàn lọ sí ìdídò Ìkẹ́rẹ́ nítòsí Ìsẹ́yìn, tí ó kọjá lẹ́bàá Abẹ́òkúta, tí ó sì dé Èkó, níbi tí iléeṣẹ́ omi Àdìyàn ti ń fa omi rẹ̀. Ará Èkó tí kò gbọ́ orúkọ Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí rí lè máa mu omi tí igbó Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí sẹ́ sínú odò.

Ní ti ìrìn-àjò afẹ́, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù fún un, nígbà tí omi bá gbẹ tí ẹran sì ń péjọ sí ibi tí ó kù. Àlejò kì í dá rìn. Ẹ̀ṣọ́ ni ó ń mú un kiri. Kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ fún ẹran, kò gbọdọ̀ mú nǹkankan kúrò níbẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì ní Ọ̀yọ́-Ilé ju ní páàkì mìíràn lọ, nítorí pé àpáàdì, ọlọ àti ìdọ̀tí iṣẹ́ irin ṣì wà nílẹ̀ káàkiri. Ẹni tí ó bá mú àpáàdì kan sápò rò pé ẹyọ kan kò jẹ́ nǹkan. Lójú onímọ̀, ibi tí àpáàdì náà dùbúlẹ̀ sí ni ó ń sọ ìtàn. Bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, ó di odi. Frank Willett walẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1956 sí 1957, ó sì rí ohun èlò olókùúta kéékèèké nínú ihò Mejiro, èyí tí ó fi hàn pé ènìyàn ti gbé àdúgbò náà kí Aláàfin kankan tó wà. Robert Soper àti Patrick Darling wọn àwọn odi ìlú náà lẹ́yìn rẹ̀, Babátúndé Àgbájé-Williams ti Yunifásítì Ìbàdàn sì fi Ọ̀yọ́-Ilé ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní ọdún 1983.

Níhìn-ín ni àkóso ti wọ́ mọ́ra. Àjọ páàkì ni ó ni ẹranko àti igi. Àjọ tí ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, ni ó ni ọ̀rọ̀ odi, àpáàdì àti ibojì. Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ni ó sì ni ìrántí. Ẹ̀ṣọ́ tí a kọ́ láti mọ ipa ẹsẹ̀ ìgalà lè tẹ ògiri ààfin mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wá bọ òrìṣà àwọn baba rẹ̀ lè tan iná tí yóò jó igbó. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lọ sí Bàrà, níbi tí wọ́n ń sin àwọn Aláàfin sí láyé àtijọ́, kò yẹ kí a kà á sí àlejò afẹ́ bí òyìnbó tí ó wá ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè wọlé bí ẹni wọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín olùjọsìn àti olùwòran ni àwọn méjèèjì nílò, pẹ̀lú ọjọ́ tí ààfin Ọ̀yọ́ àti àwọn alábòójútó bá jọ fẹnu kò sí.

Ní ọdún 1995 ni Nàìjíríà fi orúkọ Ọ̀yọ́-Ilé ránṣẹ́ sí àjọ UNESCO láàárín àwọn ibi tí ó ń fẹ́ kí gbogbo ayé kà sí ogún. Ohun tí àjọ náà máa ń béèrè kí ó tó gba ibìkan wọlé kì í ṣe ìtàn nìkan: ó ń béèrè ààlà tí ó dájú, òfin tí ń ṣiṣẹ́, àti ètò àkóso tí a kọ sílẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo gba tirẹ̀ ní ọdún 2005. Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà lára àwọn tí ń dúró.