Nígbà Tí Bíréèkì Kọ̀: Sáyẹ́ǹsì Tó Wà Nídìí Ìjàǹbá Nürburgring

“Àbúrò, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi lọ kanlẹ̀.”

Bí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí lórí fóònù nìyẹn. Kì í ṣe awakọ̀ ìdíje o. Ọkọ̀ tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ ló gbé lọ sí Nürburgring lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó wọlé. Nígbà tó yí i ká lẹ́ẹ̀kejì, níbi ìdagẹ̀rẹ̀ tó lọ sí Breidscheid, bíréèkì kọ̀. Ó ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, ó fa jíà wálẹ̀, díẹ̀ ló kù kó fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha fẹ́ǹsì irin. Òkè tó wà níwájú ló bá a dín eré kù. Ó ní ọwọ́ òun ṣì ń gbọ̀n nígbà tóun délé.

Ẹ̀yin náà á ti rí fídíò irú èyí lórí YouTube. Ẹ̀rín la sábà máa ń fi rín. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Irú ọ̀nà wo nìyí?

Nordschleife ni wọ́n ń pe apá àtijọ́ Nürburgring. Àárín igbó ló wà, lórí àwọn òkè Eifel. Ọdún 1927 ni wọ́n ṣí i. Gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 20, ibi tó ga jù sì fi bíi mítà 300 ga ju ibi tó rẹlẹ̀ jù lọ. Jackie Stewart ló sọ ọ́ ní “Ọ̀run Àpáàdì Aláwọ̀ Ewé”. Ibẹ̀ ni Niki Lauda ti jóná nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní 1 August 1976, Formula 1 ò sì sáré lórí Nordschleife mọ́ lẹ́yìn ọdún náà.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún aráàlú, ẹni tó ní láísẹ́ńsì àti ọkọ̀ tó dáa lè wọlé. Òfin ìrìnnà Jámánì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìdíje ò sì sí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ ibi, koríko díẹ̀ ló wà láàárín ọ̀dà àti fẹ́ǹsì. Ẹni tó bá ṣi kọ́ọ̀nà kò rí àyè ṣàtúnṣe.

Eré di ìlọ́po méjì, ewu di ìlọ́po mẹ́rin

Ọkọ̀ tó wúwo tó kílógíráàmù 1,400, tó ń sá kìlómítà 100 láàárín wákàtí kan, gbé agbára bíi 540,000 júùlù dání. Tó bá wá ń sá 200 ńkọ́? Ẹ má sọ pé ìlọ́po méjì o. Ìlọ́po mẹ́rin ni, ó lé ní mílíọ̀nù méjì júùlù, torí pé eré la fi ń sọ eré di púpọ̀ nínú ìṣirò yẹn. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ẹni tó ń sá 100 á nílò bíi mítà 44 kó tó dúró. Ẹni tó ń sá 200 á nílò bíi 175.

Táyà ò ní ju agbára rẹ̀ lọ

Ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bó ṣe ń di ọ̀dà mú dà bí owó àpò: èyí tẹ́ ẹ bá ná sórí bíréèkì, ẹ ò ní rí i ná sórí kọ́ọ̀nà mọ́. Kọ́ọ̀nà tẹ́ ẹ lè fi bíi 107 yí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè má gbà ju 80 lọ tójò bá rọ̀. Bí ọ́ìlì ọkọ̀ ẹlòmíì bá ti dà sílẹ̀, ó tún burú jùyẹn lọ.

Àṣìṣe mìíràn rèé: ẹ̀rù á ba awakọ̀ láàárín kọ́ọ̀nà, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí throttle lójijì. Ìwúwo ọkọ̀ á rọ́ síwájú, táyà ẹ̀yìn á fúyẹ́, ìdí ọkọ̀ á sì gbá yí. Ọ̀pọ̀ fídíò tá à ń wò, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Kí ló wá ṣe bíréèkì ẹ̀gbọ́n mi?

Bíréèkì ń sọ eré di ooru ni. Láti 200 wá sí 100, bíi mílíọ̀nù kan ààbọ̀ júùlù ló máa wọ inú irin bíréèkì, èyí tó lè fi ooru rẹ̀ lé sí i ní nǹkan bí 100°C lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó tó tutù, kọ́ọ̀nà mìíràn ti dé. Ooru yẹn á dé inú ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì DOT 4 tuntun ò gbọ́dọ̀ hó kó tó tó 230°C. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Tó bá ti fa omi tó, 155°C lè mú un hó. Tó bá hó, oruku rẹ̀ á di afẹ́fẹ́ inú páìpù. Afẹ́fẹ́ ṣeé tẹ̀ mọ́ra, ọ́ìlì ò ṣeé tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi lọ kanlẹ̀.

Mo bi í pé ìgbà wo ló pààrọ̀ ọ́ìlì yẹn kẹ́yìn. Ó dákẹ́. Ó ní, “Látìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ náà, mi ò pààrọ̀ rẹ̀ rí.” Ọdún mẹ́rin!

Bó bá kọlu fẹ́ǹsì, òun ló máa san owó rẹ̀, adójútòfò sì lè má dá sí i. Ìyẹn tó bá ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí lè má dé Nürburgring láyé yín. Ọ́ìlì kan náà ló wà nínú ọkọ̀ ilé yín, ìdagẹ̀rẹ̀ sì wà nílé náà. Ẹ bi dádì tàbí mọ́mì yín lálẹ́ òní pé: “Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì kẹ́yìn?” Tí wọ́n bá dákẹ́ bíi ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó kàn.