Ohùn tí ó Kẹ̀ nínú Kọ̀ǹpútà Kékeré: Wíwá Orísun Àléébù nínú Àfọ̀ tí a Gbà Sílẹ̀

Borokiri wà ní ìpẹ̀kun gúúsù ìlú Port Harcourt, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí omi sì ti bẹ̀rẹ̀. Kò jìnnà sí èbúté Creek Road, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò lọ sí Bonny, Bille àti Nembe. Olùwádìí èdè tí ó lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní erékùṣù lè gúnlẹ̀ síbẹ̀, kí ó wá ibi jókòó sí, kí ó ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, kí ó sì gbọ́ pé ohùn tí ó kó bọ̀ ti kẹ̀, tàbí pé ó ń ta pàpàpà bí àgbàdo tí a ń sun nínú iná. Ọ̀ràn kékeré kọ́ ni èyí. Ní Ìpínlẹ̀ Rivers, èdè Defaka wà tí àwọn tí ó ń sọ ọ́ kò pọ̀ mọ́ rárá, ẹni tí a gba ohùn rẹ̀ lónìí sì lè má sí mọ́ nígbà tí a bá padà lọ.

Ìbéèrè tí ó gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo àtúnṣe ni èyí: ṣé inú àfọ̀ tí a gbà sílẹ̀ ni àléébù wà, àbí inú ẹ̀rọ tí ó ń sọ ọ́ jáde? Àwọn kan máa ń fo ìbéèrè yìí dá. Wọn a bẹ̀rẹ̀ sí fi sọ́fítíwíà fọ ohùn tí kò ní ìdọ̀tí kankan, wọn a sì ba èyí tí ó dára jẹ́. Onídùndún kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìlù tí ó ń dún gooro lánàá bá kẹ̀ lónìí, kì í sọ pé òun ti gbàgbé oríkì. Awọ ni ó máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kí ó tó wo ọṣán.

Ọ̀nà tí a fi ń dá méjèèjì mọ̀ kò le. Kí olùwádìí gbọ́ ibi kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ó sì kọ àkókò tí ariwo náà wáyé sílẹ̀. Bí ariwo bá ń ṣí kiri, tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ kan nígbà àkọ́kọ́, tí ó sì bọ́ sórí òmíràn nígbà kejì, ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá dúró sójú kan, kí a má tíì dájọ́, nítorí sípíkà tí ó ya lè máa kẹ̀ ní gbogbo ibi tí ohùn bá ti lọ sókè. Kí a gbé fáìlì náà lọ sínú ẹ̀rọ mìíràn, kí a sì fi iápíìsì gbọ́ ọ. Bí ariwo bá tún wà lójú kan náà níbẹ̀, inú àfọ̀ ni ó wà.

Bí ohùn bá mọ́ nínú iápíìsì ṣùgbọ́n tí ó kẹ̀ láti ara kọ̀ǹpútà, sípíkà ni kí a wò. Sípíkà inú kọ̀ǹpútà kékeré kò ju ẹyọ owó lọ púpọ̀. Eruku àti ìyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etí omi máa ń bá a jà, èéfín dúdú tí àwọn ará Port Harcourt ti ń ráhùn nípa rẹ̀ láti ọdún 2016 náà kò sì ṣe é lóore. Kí a dín ohùn kù sí ìdajì. Bí kíkẹ̀ náà bá dáwọ́ dúró, a jẹ́ pé agbára sípíkà ni kò ká a. Bí kò bá dáwọ́ dúró, sípíkà tuntun ni oògùn rẹ̀.

Ó yẹ kí a mọ̀ pé ohùn tín-ín-rín kì í ṣe àléébù. Tán-án-ná ọkùnrin lè gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, sípíkà kékeré báyìí kò sì lè gbé ìró tí ó lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ jáde dáadáa. Síbẹ̀, etí ṣì ń mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ìdí ni pé àwọn ìgbì tí ó jẹ́ ìlọ́po iye náà, 360, 480, 600 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ṣì ń jáde, ọpọlọ sì ń fi àlàfo àárín wọn mọ iye tí kò jáde. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ lórí tẹlifóònù àtijọ́, tí kì í gbé ohun tí ó bá kéré sí 300 kọjá, tí Yorùbá sì ti ń fi sọ̀rọ̀ láìṣi ara wọn gbọ́.

Bí ariwo bá wà nínú iápíìsì pẹ̀lú, kí a yọ ṣájà. Iná ìjọba àti ti ẹ̀rọ amúnáwá máa ń lọ síwá-sẹ́yìn ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì máa ń kùn ní 50 àti 100. Bí kíkùn náà bá lọ nígbà tí a yọ ṣájà, ọ̀nà iná ni ó gbà wọlé. Èyí léwu fún onímọ̀ ohùn ju bí ó ti rí létí lọ: 100 wà láàárín ibi tí ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin ń dé. Praat, sọ́fítíwíà tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, lè ka kíkùn iná sí ohùn ènìyàn, kí ó sì ya ìlà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ níbi tí abẹ̀nugan kò ti sọ ohunkóhun. Nítorí náà, bátìrì nìkan ni kí a lò nígbà tí a bá ń gba ohùn sílẹ̀.

Ihò iápíìsì náà lè dípẹtà. Kí a ki ẹnu iápíìsì bọ̀ ọ́ kí a sì yọ ọ́ bí ìgbà mélòó kan. Bí ariwo bá ń yí padà bí a ti ń yí i, ibẹ̀ ni.

Èyí tí ó kù ni ti ọpọlọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, òun ni ó sì wọ́pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú tí ó gbòde láti nǹkan bí ọdún 2008. Àfọ̀ inú kọ̀ǹpútà jẹ́ nọ́ńbà, 44,100 tàbí 48,000 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ a máa pọn wọ́n sínú àmù kékeré kan, sípíkà a sì máa bù wọ́n mu níbẹ̀. Bí àmù náà bá gba 480, omi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá péré ni ó wà nínú rẹ̀. Bí apọnmi bá pẹ́ nítorí iṣẹ́ mìíràn tí a rán an, àmù a gbẹ, ohùn a já, etí a sì gbọ́ pàpà. Kí a ti àwọn ètò mìíràn pa, kí a pa Wi-Fi, kí a kó fáìlì kúrò lórí fláàṣì sínú kọ̀ǹpútà, kí a má jẹ́ kí ó máa ṣún agbára lò, kí a sì mú kí àmù náà tóbi sí i bí sọ́fítíwíà bá gbà. Bí kò bá gbọ́, kí a pààrọ̀ dráfà ohùn, kí a sì pa gbogbo ohun tí ń ṣe ohùn lọ́ṣọ̀ọ́.

Nígbà mìíràn, ohùn kì í já, ṣùgbọ́n abẹ̀nugan a máa sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. Ó lè jẹ́ pé 44,100 ni a fi gbà á, tí ẹ̀rọ sì ń kà á bí 48,000. Gbogbo ohùn a fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Nítorí pé wọ́n jọ gòkè ni, òkè ṣì ga ju àárín lọ, àárín sì ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ iye náà sínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ti kọ irọ́.

Bí àléébù bá wà nínú àfọ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àpẹẹrẹ tí ó wọ́pọ̀ jù ni ohùn tí ó kún àkúnya nígbà tí a ń gbà á. Nínú fáìlì tí a sábà ń lò, nọ́ńbà kankan kò lè kọjá 32,767. Ohun tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ a di gígé, orí ìgbì a sì tẹ́ bí orí igi tí a fi ayùn rẹ́. Kò sí sọ́fítíwíà tí ó lè dá orí náà padà. Àfiwé lásán ni yóò fi dí i. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò ṣòfò. Àlàfo láàárín ìgbì kan àti èkejì kò yí padà, nítorí náà a ṣì lè ka ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Wíwọn agbára ohùn ni kò ṣeé ṣe mọ́, ìwọ̀n tí a fi ń ya fáwẹ́lì e sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Kí olùwádìí tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án, kí ó kọ àléébù náà sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó sì ṣe àtúnṣe tí ó bá fẹ́ lórí ẹ̀dà.

Ó sàn kí a ti mọ gbogbo èyí ní erékùṣù ju kí ó di Borokiri lọ. Kí a gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀, kí abẹ̀nugan rẹ́rìn-ín kí ó sì pariwo nínú rẹ̀, kí òdíwọ̀n má kọjá -6. Kí a fi iápíìsì gbọ́ ọ lójú rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kò tíì ṣí.